Àga Ẹ̀bá Fèrèsé Kì Í Ṣe Tèmi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife yín sílẹ̀. Gbogbo yín pátá. Ìwọ náà, oníṣẹ́ aago, fi bisikíìtì yẹn sílẹ̀, kò ní sá lọ. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ayọ̀ ni. Ọmọ ọmọ mi ti yege ìdánwò lọ́yà, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa kún fọ́fọ́, ẹnìkan sì ti jókòó lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Dìde níbẹ̀, jàre. Láti àárọ̀ ni ẹ ti ń yìn mí, "Màmá Fèrèsé ló kọ́ ọ, Màmá Fèrèsé ló dúró tì í," tí etí mi sì ń gbóná. Mo ṣì lè fara da ìyẹn, nítorí mo fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àbúrò mi, Màmá Bọ́tìnì, dìde sọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní oníṣègùn ojú sọ pé bí òun kò bá rí ibi tó mọ́lẹ̀ gidi ṣiṣẹ́, kí òun fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí ojú òun má baà lọ pátápátá. Ó ní òun máa fi í sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sọ ọ́, ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún un pé ó ti ṣiṣẹ́ tó. Èmi kò lè pàtẹ́wọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Tèmi ti lé ní ogún ọdún dáadáa. Òtítọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n ṣílẹ̀kùn fún un kó tó já a.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti orí ìdánwò. Apá méjì ni ìdánwò yìí ní. Nínú apá kìíní, wàá jókòó, wàá kọ̀wé títí ọwọ́ rẹ á fi wú. Ìyẹn kò ṣe ọmọ yìí ní nǹkan kan. Ó lè ka òfin ilé, òfin ilẹ̀ àti òfin ogún fún ọ bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ẹbí rẹ̀. Apá kejì ló le. Wọ́n á fi ọ́ sínú yàrá kan tó ní tábìlì kan àti àga méjì. Ẹnìkan á wọlé, á ṣe bí oníbàárà, á ro ẹjọ́ rẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún un pé kó fi nǹkan kan pamọ́. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o fi ìbéèrè fa nǹkan náà jáde, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, láìmú inú bí i. Bí o kò bá fà á jáde, ó di ilé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n sì ń gbà fún èèyàn. Ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, kó yáa wá iṣẹ́ mìíràn.

Báyìí ni ọmọ yìí ṣe sọ gbogbo wa di oníbàárà. Bí àwọn tó ń gba aṣọ bá ti lọ tán, á gbé tábìlì ìgéṣọ sáàárín, á jókòó bíi lọ́yà àgbà, á ní, "Ẹ káàbọ̀, kí ni mo lè ṣe fún yín?" Oníṣẹ́ aago yìí wá, ó ní òun ra ọkọ̀ ojú omi kan, ọkọ̀ náà sì rì, nítorí náà òun fẹ́ pe odò lẹ́jọ́. Ọmọ yìí kò rẹ́rìn-ín rárá, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Odò wo ni?" Àbúrò mi náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n irọ́ kì í dúró lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní kó ṣe bí ẹni tó jalè tó sì ń sẹ́. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní, "Èmi ni mo jí i o, ẹ ṣàánú mi, níbo ni kí n fọwọ́ sí?" A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá.

Èmi ni wọ́n sọ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Àbí ta ló lè mọ̀ ọ́n ṣe tó ẹni tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́?

Ṣọ́ọ̀bù tí a wà yìí, ìyá wa ló ni ín. Ẹ wò ó dáadáa. Iwájú ní fèrèsé ńlá yìí, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn ní yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ògiri aládùúgbò. Ní ọjọ́ tí Màmá máa kú, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Àbúrò rẹ ni kó máa jókòó níwájú. Ihò bọ́tìnì lòun ń ṣe, ojú rẹ̀ kò sì lágbára. Ìwọ, ẹ̀rọ lò ń tẹ̀, ọwọ́ rẹ mọ ọ̀nà láìsí ìmọ́lẹ̀." Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màmá." Mo sì gbọ́ lóòótọ́. Nígbà tí mo jáde, àbúrò mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni Màmá wí?" Ẹnu mi yìí, ẹnu tí mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ló là tó sọ pé, "Wọ́n ní kí èmi àgbà máa jókòó níwájú." Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ohun tí Màmá bá ti wí ni."

Kí ni mo fẹ́ fi fèrèsé ṣe? Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tán, kó má baà ku ìdajì nínú ìkòkò. Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ni mo fẹ́. Ojú ọ̀nà ni mo fẹ́! Mo fẹ́ máa rí ẹni tó ń kọjá, ẹni tó bá a rìn, àti irú aṣọ tó wọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n máa kí mi. Nítorí òfófó lásán ni mo ṣe gbé àbúrò mi sínú òkùnkùn. Ẹ sì fún mi lórúkọ lé e, ẹ ní Màmá Fèrèsé, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Gbogbo yín mọ iṣẹ́ ihò bọ́tìnì. Wàá la aṣọ, wàá wá fi òwú ká etí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó má baà tú. Abẹ́ iná kékeré tó wà lẹ́yìn ni àbúrò mi ti ń ṣe é. Bí òwú bá kọ̀ tí kò wọ abẹ́rẹ́, á rọra wá síwájú, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n yá ìmọ́lẹ̀ yín díẹ̀." Èmi náà á sún díẹ̀ bí olóore. Á ki òwú bọ̀ ọ́, á ní, "Ẹ ṣé o." Ẹ gbà mí! Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ló ń tọrọ lọ́wọ́ mi, tó tún ń dúpẹ́.

Ó wá di ọjọ́ kan tí irọ́ tán lẹ́nu mi nígbà tí à ń ṣe oníbàárà, ni mo bá ro ẹjọ́ ara mi. Mo sọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ di ilé búrẹ́dì, mo sọ àbúrò mi di ọkùnrin, mo rò pé mo gbọ́n. Ọmọ yìí ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ta ni ó wà nínú yàrá nígbà tí ìyá yín sọ̀rọ̀?" Mo ní èmi nìkan ni. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ má bínú mà. Ǹjẹ́ ohun mìíràn wà tí ìyá yín sọ tí ẹ kò tíì sọ fún mi?"

Dípò kí n dáhùn, mo fi ariwo bò ó. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé òpùrọ́ ni mo jọ lójú rẹ? Ṣé báyìí lo ṣe máa máa bá àgbà sọ̀rọ̀? Oníbàárà tó bá gbọ́ irú ìbéèrè yìí, á dìde, á lọ bá lọ́yà mìíràn!" Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, Màmá, n kò ní bi èèyàn bẹ́ẹ̀ mọ́." Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò sì tán síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, nígbàkúgbà tó bá ti gba ohun tí a sọ fún un gbọ́ láìwádìí, mo máa ń pàtẹ́wọ́ fún un, mo máa ń ní, "Ọmọ gidi! Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́!" Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo ń fi ọwọ́ ara mi wọ́ ọ.

Ẹ rántí pé ó ṣubú ní ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo wa ní àwọn olùdánwò ni kò dáa. Irọ́ ni. Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún un pé, "Gbogbo òfin lo mọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù, o ò bi í." Ó padà wálé, ó jókòó lórí àpò aṣọ tó wà níbẹ̀ yẹn, ó ní, "Màmá, ó wà lẹ́nu mi o. Ìyá àgbà kan ni wọ́n fi ṣe oníbàárà. Mo rántí ohun tí ẹ wí, mo bá gbé e mì. Bóyá kí n kúkú kọ́ ìránṣọ." Àbúrò mi ló gbá a mọ́ra, òun ló ń tù ú nínú. Èmi ń gé aṣọ. Àlùmọ́gàjí Màmá, èyí tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ni mo fi gé apá kóòtù oníkóòtù sọnù. Ẹ tún bínú sí oníkóòtù náà nígbà tó pariwo lé mi lórí. Ọkùnrin náà kò jẹ̀bi! Mo ti jí ìmọ́lẹ̀ lójú ẹnìkan, mo tún wá gba ìbéèrè lẹ́nu ẹlòmíràn. N kò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.

Nígbà tí ìdánwò kejì ń bọ̀, oorun kò kun ojú mi mọ́. Mo pè é, mo ní, "Gbé tábìlì wá, mo fẹ́ ṣe oníbàárà." Mo tún ro ẹjọ́ ilé búrẹ́dì. Nígbà tí mo débi tí mo ti bínú ní ìjelòó, mo ní, "Ó yá, béèrè." Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ìbéèrè yẹn kò dáa." Mo ní, "Mo ní kí o béèrè!" Ó bi mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́, ààrò lọ́tùn-ún, ìyẹ̀fun lósì, àfi bí ihò bọ́tìnì ṣe bọ́ lẹ́nu mi. Ta ló ń ṣe ihò bọ́tìnì sára búrẹ́dì? Ó wo yàrá ẹ̀yìn, ó wo àga mi.

Mo ní, "Ṣé wàá sọ fún un?" Ó ní, "Rárá o, Màmá. Bí oníbàárà lẹ ṣe jókòó síwájú mi. Àṣírí oníbàárà, òun ló ni ín. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi nìyí. Ilé ẹjọ́ lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó láti fi gba àga lọ́wọ́ yín. Kò sí ilé ẹjọ́ tó ní kí ẹ má dìde lórí rẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́, bí mo ṣe sọ fún Màmá gẹ́lẹ́, mo sì jókòó síbẹ̀ títí di òní. Ó lọ, ó bi wọ́n ní ìbéèrè náà, ó yege. Ojoojúmọ́ ló ń bá àbúrò mi rẹ́rìn-ín, kò sì sọ nǹkan kan fún un. Bí ẹ bá ń wá lọ́yà tó ṣeé fi ọkàn tán, ẹ má lọ jìnnà.

Ó dáa, mo ti dìde. Àga náà nìyí. Àbúrò mi, tìrẹ ni, láti ọjọ́ yẹn wá ni. Mo fi òfófó gba ojú rẹ lọ́wọ́ rẹ, o sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ojú ń tì mí gan-an, ó sì ń dùn mí. N kò ní sọ pé kí o dárí jì mí lónìí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Jókòó síbí ná, kí ojú rẹ sinmi. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń wò mí lẹ́nu, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n bí àgbà bá fi ariwo dáhùn ìbéèrè yín, ẹ tún un bi í.

Àbúrò mi, sọ̀rọ̀. Nà mí, bí o bá fẹ́. Kí lo wí? Ẹ má pariwo, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ǹjẹ́ ohun mìíràn wà tí Màmá sọ tí ẹ kò tíì sọ fún mi?"

Yéè! Ta ló kọ́ ọ? Lọ́yà, ìwọ ló ń rẹ́rìn-ín lábẹ́nú yẹn? Oníṣẹ́ aago, pa ẹnu rẹ dé. Ó dáa. Ó dáa, mo ní. Àlùmọ́gàjí Màmá. Wọ́n ní kí n fún ọ. Gbà, òun nìyí, mo pọ́n ọn lánàá.

Ẹ wò ó, ó ti jókòó. Ó ń fi ọwọ́ bo ojú nítorí ìmọ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Kí lo tún wí?

Ó ní, "Ẹ lọ jókòó sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi. Bí òwú bá kọ̀ tí kò wọ abẹ́rẹ́, ẹ máa wá yá ìmọ́lẹ̀ mi díẹ̀."

Ẹ ṣé o, àbúrò mi. Mò ń lọ.