Ta Ni Yóò Bọ́ Adìyẹ Kúdí?

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọge, tí ọyàn mi ṣì ń wo iwájú… ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Nígbà yẹn, Àgége yìí, oko obì ni. Iléeṣẹ́ bisikíìtì tí òórùn rẹ̀ ń mú ọ̀fun yín dá tòlò yẹn, oko bàbá mi ló wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́. Mo lọ sípàdé àwọn onílé lánàá, nítorí Kúdí ọmọ ọmọ mi yìí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ràn án lọ́wọ́ kó lọ sí Ìbàdàn lóṣù mẹ́ta, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe aṣáájú àgbẹ̀. Ó dáa. Alága wọn, èyí tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá, sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n ti tẹ bánà. Àwòrán alága ló gba gbogbo ojú ẹ̀, ti Kúdí wà nísàlẹ̀, ó rí kóńkó bíi ti ẹni tó sọnù. Wọ́n dá owó, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n mu míńírà.

Kúdí wá dìde. Ó ní, “Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Tí mo bá lọ, ta ló máa bá mi bọ́ adìyẹ mi?”

Ni ikọ́ bá gbé gbogbo wọn. Ẹnì kan ń wá bàtà ẹ̀ lábẹ́ àga. Alága gbé fóònù sétí, fóònù tí kò dún.

Ṣé bó ṣe rí láyé ijọ́un nìyẹn? Kòkòrò ń jẹ obì wa, àwọn àgbà ní àfi ká rán ẹnì kan lọ síléèwé oko ìjọba, kó wá máa darí wa. Ta ni wọ́n mú? Làmídì. Agbéraga pátápátá. Ó ti fẹ́ àbúrò ìyá mi sọ́nà rí, ó já a sílẹ̀, ó ní ó ń hanrun. Látọjọ́ náà, ìyá mi kì í dáhùn ìkíni ẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ lọ, Baálẹ̀ ò béèrè ẹni tó máa dáwó. Owó dà? Ẹni tó máa ro oko ẹ̀ ni wọ́n béèrè. Agbolé kọ̀ọ̀kan pín in, bí a ṣe ń ṣe àáró. Nígbà tó kan ilé wa, ìyá mi gbé ọkọ́, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ń ro, wọ́n ń ṣépè. Wọ́n bú Làmídì lórí ebè kan, wọ́n bú ìyá tó bí i lórí èkejì. Mo ní, “Ìyá, tẹ́ ẹ bá kórìíra ẹ̀ tó báyìí, kí la wá ṣe níbí?”

Wọ́n nà ró, wọ́n wò mí. “Làmídì ni mo kórìíra. Oko ẹ̀ ò ṣe mí ní nǹkan kan.”

Làmídì padà dé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún, ó ń fi gẹ̀ẹ́sì bá ewúrẹ́ wí. Àmọ́ ó bá oko ẹ̀ ní ríro. Wọ́n sọ fún un pé ìyá mi náà gbé ọkọ́ níbẹ̀. Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, ìyá mi ò dáhùn, ó ṣáà dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ tòun tìbọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ń lọ látoko dóko, ó ń kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú obì, oko tiwa ló sì kọ́kọ́ yà sí. Obì wa sàn. Ìgbéraga ẹ̀ ò sàn, ṣùgbọ́n olórí wa ni.

Lóde òní ńkọ́? Wọ́n á dáwó, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Àbí owó ló máa jí láàárọ̀ lọ bomi fún adìyẹ?

Kúdí, mo gbọ́ pé o fẹ́ tà wọ́n, tàbí kó o má lọ mọ́. Má dán an wò. Tó o bá tà wọ́n, kí lo máa padà wá bá? Gbogbo yín mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn adìyẹ wọ̀nyẹn. Wọ́n ń rùn, àkùkọ oníranù yẹn sì yàgbẹ́ sórí bùtá àlùwàlá mi. Èmi ni màá bọ́ wọn. Màá máa bú wọn, màá sì máa bọ́ wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì mí yìí, ẹ pín omi pípọn láàárín ara yín, orúnkún mi ò gbé e.

Ayé ti yí… Ó dáa. Dìde, wá fi ibi tí oúnjẹ wọn wà hàn mí. Tó o bá dé, má wulẹ̀ kúnlẹ̀ fún mi. Àkùkọ yẹn ni kó o lọ bẹ̀, torí èébú tó máa gbọ́ kó o tó dé, kò ní kéré.