Mo Mọ̀ Pé Mo Ti Mutí Kí N Tó Gbé Ọkọ̀ Náà Sókè

Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún mi. Inú yàrá yìí ni n ó kú sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, awakọ̀ òfuurufú ni mí tẹ́lẹ̀, ọmọ Oǹdó.

Ìgò bíà kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo wá kí ìyá mi nílé, mo sì yà sọ́dọ̀ Ṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ mi. Mo sọ fún un pé mo máa wa bàálù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ géńdé yìí! Kí ni ìgò kan fẹ́ fi ọ́ ṣe?"

Mo mu ún, mo fò, mo gúnlẹ̀ láyọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé òfin tó ní kí awakọ̀ má mutí kó tó fò, àwọn ojo ni wọ́n ṣe é fún. Bíà di ògógóró.

Ní òwúrọ̀ tí mò ń wí yìí, ọtí ṣì wà lójú mi nígbà tí mo wa mọ́tò láti Oǹdó dé pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́. Mo ra orógbó ní Ọ̀bà-Ilé, mo rún un kí òórùn ẹnu mi lè lọ. Mo fi jígí dúdú bo ojú mi tó pọ́n. Nígbà tí a jókòó sínú ọkọ̀, Fọlákẹ́, igbákejì mi, yíjú sí mi.

"Ọ̀gá, ẹ ti mutí."

"Orógbó ni mo jẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká sọ pé ara yín ò yá."

"Tó o bá la ẹnu yẹn, o ò ní fò mọ́ láyé ẹ."

Ó de bẹ́líìtì rẹ̀.

Eré ọkọ̀ kò tíì tó tí mo fi fà á sókè. Ó gbéra, ó mì, ó já sínú oko kòkó. Fọlákẹ́ kú. Gbogbo èrò tí a gbé kú. Èmi nìkan ni wọ́n fà yọ láàyè.

Ní kóòtù, agbẹjọ́rò mi ní ọtí ti gba iyè mi, pé n kò mọ ohun tí mò ń ṣe, n kò sì ní èrò ibi. Agbẹjọ́rò ìjọba kò jiyàn. Ó kàn tan ẹ̀rọ tó gba ohùn wa sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìyá Fọlákẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ó ké.

"Olúwa mi," ni agbẹjọ́rò ìjọba wí, "ẹni tí kò mọ̀ kì í purọ́ orógbó."

Agbẹjọ́rò mi tún fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo dìde.

"Ẹ jókòó, sà. Mo mọ̀. Mo mọ̀ kí n tó wọ ọkọ̀."

Agbẹjọ́rò mi ti wá bá mi lẹ́wọ̀n níbí pé ká pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mo ní rárá. N kò ní fi irọ́ jáde níbi tí irọ́ mú mi wọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbáà jẹ́ bàálù, ìbáà jẹ́ ọ̀kadà lẹ ń wà, bí ẹnikẹ́ni bá ní, "Ẹ ti mutí," ẹ má halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ padà sílé. Bí wọ́n bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Gbogbo yín ló máa wà láàyè.