Mo Ní Iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Lè Dúró

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, wọ́n ń yìn mí, mi ò sì mọ ibi tí mo lè gbé ìyìn náà sí. Láti ìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ràṣídì, kò sí ará ilé wa ní Mùṣín tó rí mi tí kò sọ pé, "O ṣe bẹbẹ, o ṣe bí ọkùnrin." Ìdájí ni ẹ̀gbọ́n mi kú sílé ìwòsàn. Kí wọ́n tó kírun Àìlà lọ́jọ́ náà, a ti gbé e délé, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, àáfà ti kírun sí i lára, ó ti wọlẹ̀. Èmi ni mo tò ó. Inú ọkọ̀ tó gbé òkú rẹ̀ bọ̀ ni mo ti ń pe àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀, tí mo sì ń rán èèyàn lọ ra aṣọ. Kò sẹ́ni tó dúró de ẹnì kan. Gbogbo rẹ̀ lọ geere, èmi náà sì dúró lẹ́bàá ògiri, mò ń wo aago ọwọ́ mi. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, omijé ò tíì bọ́ lójú mi. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ń ríran ṣáá ni, ẹkún ni mi ò rí sun. Ọkàn mi kú tipiri. Ṣé irú èyí ti ṣe ẹnikẹ́ni rí nínú yín?

Iṣẹ́ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ilé ìtajà, ilé búrẹ́dì tàbí ọ́fíìsì tuntun ló máa ń pè mí láti bá a ṣètò iṣẹ́ náà, kí ọjọ́ tó dá má bàa yẹ̀. Iléèwé gíga ní Yábàá ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n fi mọ́ínmọ́ín ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ ó rẹ ẹ̀wà, ẹ ó bó o, ẹ ó lọ̀ ọ́, ẹ ó pọ́n ọn sínú ewé, ẹ ó sè é. Ọ̀kan ò lè ṣáájú èkejì. Bí ẹ bá fi àkókò ṣòfò nídìí ẹ̀wà bíbó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àlejò yín yóò ṣe pẹ́ kó tó jẹun. Ìyẹn ni èmi ń pè ní okùn iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ewé fífọ̀ ńkọ́? Ẹ lè fọ̀ ọ́ láàárọ̀, ẹ lè fọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ̀wà bá wà lẹ́nu ẹ̀rọ, kó ṣáà ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Ewé fífọ̀ ní àyè. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ wa ò ju kéèyàn mọ ohun tó wà lórí okùn, kó máa ṣọ́ ọ bí ẹyinjú, kó sì máa sún èyí tó ní àyè síwá sẹ́yìn nígbà tí wàhálà bá dé. Igi gànǹgànràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Bọ̀dá Ràṣídì ló tọ́ mi. Nígbà tí bàbá wa kú, iṣẹ́ wẹ́dà tó ń ṣe, irin tó ń jó láti àárọ̀ dalẹ́, ló fi rán mi níléèwé. Nítorí náà, nígbà tí dókítà kan gbé iṣẹ́ fún mi pé òun fẹ́ ṣí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ta ni mo tún fẹ́ gbé gẹ́ètì àti irin ojú fèrèsé fún? Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Gbogbo ẹni tó bá yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń sọ fún pé àbúrò òun obìnrin ti di ọ̀gá òun. Nínú ètò tí mo ṣe, wáyà iná, táìlì, àjà ilé àti ẹ̀rọ àyẹ̀wò ló wà lórí okùn. Gẹ́ètì ní àyè. Gẹ́ètì ni ewé.

Àmọ́ ara ẹ̀gbọ́n mi ò yá. Ó ní àìsàn tí àwọn tó ń gbé ohun wúwo máa ń ní, ìfun rẹ̀ ń yọ, ó ń wú nísàlẹ̀ ikùn. Ó ti ń tijú rẹ̀ tipẹ́ kó tó gbà láti lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó wo ètò mi, ó rí i pé òun yóò ti gbé gẹ́ètì dúró kí ọjọ́ náà tó pé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Èmi mọ̀ nípa àìsàn náà. Mi ò béèrè ọjọ́ rẹ̀.

Ni iná bá lọ ládùúgbò, kò dé mọ́. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, kò sì lè gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin àti èyí tí wọ́n fi ń gé táìlì pọ̀. Táìlì wà lórí okùn, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sùúrù. Àwọn onítáìlì ṣe tán, àwọn tó ń ṣe àjà gba jẹnẹrétọ̀, mo tún ní kó ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Bó bá jẹ́ wẹ́dà mìíràn ni, ìbá ti pariwo lé mi lórí, ìbá ti kó irin rẹ̀ lọ. Ṣé ẹ ò mọ̀ wá ni? Ẹni tó jẹ́ tiwa gan-an la máa ń ní kó sún sẹ́yìn fún àlejò, torí a mọ̀ pé kò ní bá wa jà.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Àbúrò mi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn dókítà ní kí n wá o."

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ara rẹ̀, iṣẹ́ ni. Àyè tí gẹ́ètì ní ti tán, èmi fúnra mi ni mo jẹ ẹ́ tán. Iṣẹ́ tó bá sì ti jẹ àyè rẹ̀ tán, orí okùn lòun náà bọ́ sí yẹn. Àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀ ti ní àwọn ò ní já a sílẹ̀ níbi tí kò ti sí gẹ́ètì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọjọ́ dókítà ò ṣe é sún ni? Ẹ bá mi parí ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa gbé yín lọ."

"Ṣé kò ní di wàhálà?"

"Nǹkan tó ti wà lára yín tipẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ó máa dúró."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ọ̀gá mi. Tèmi lè dúró."

Ó gbé gẹ́ètì náà dúró. Gẹ́ètì tó rẹwà ni. Ilé àyẹ̀wò ṣí lọ́jọ́ tí wọ́n dá gan-an, dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́ níṣojú àwọn èèyàn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà sílé ìwòsàn, èrò ti kún níwájú rẹ̀, wọ́n dá ọjọ́ mìíràn tó jìnnà fún un. Ó padà sídìí irin rẹ̀. Ọjọ́ tuntun náà ò tíì pé tí ìfun náà fi yọ tí kò padà wọlé mọ́, ó lọ́, ó há. Kí wọ́n tó ráyè gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ti dákẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pin sí, ǹ bá má yọ yín lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ lọ̀rọ̀ kù sí. Ìyàwó wa ò mọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ò lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tó sọ fún un ni pé àyà ń já òun, òun ò tíì lè fojú kan ọ̀bẹ. Ó mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ mi, ilé wa á dàrú. Ó sọ ara rẹ̀ di ojo nítorí mi. Ní báyìí, opó ni ìyàwó wa, ó wà nínú tákàbà, inú yàrá ló ti ń gbàlejò, gbogbo ẹni tó bá sì wá kí i ló ń sọ fún pé, "Ọ̀bẹ ló sá fún. Èèyàn tó ń fi iná ṣeré!" Àwọn àlejò á mi orí, wọ́n á pòṣé. Èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń gbé omi fún wọn. Lọ́jọ́ kan ìyàwó wa di ọwọ́ mi mú. Ìdílẹ̀kẹ̀ ló máa ń pè mí, orúkọ tó fún mi nígbà tó wọlé ọkọ.

"Ìdílẹ̀kẹ̀, àbí bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ ni kò tó? Àbí mi ò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ ni?"

Mo ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Mo wá dìde lọ gbé omi fún àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Mo ti ní n ó sọ òótọ́ fún un lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ kẹjọ kọjá, mo ní kí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ ná. Ó ti wá ní kí n bá òun ṣètò àdúrà ogójì ọjọ́, torí èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Mo jókòó, mo to àáfà, mo to àga, mo to oúnjẹ, gbogbo wọn rí àyè tiwọn. Mo wá ń ro ibi tí òtítọ́ yìí yóò wọ̀. Kò sí àga tó ń dúró dè é, kò sí ìkòkò tí yóò jóná bí mi ò bá sọ ọ́. Mo tún sún un sẹ́yìn àdúrà. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí mo bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ìyàwó wa má fẹ́ rí mi sójú mọ́ láyé, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á sì mọ̀ mí sí ẹni tó pa bàbá wọn. Bí mi ò bá sọ ọ́, orúkọ ojo ni wọn yóò máa fi rántí ọkùnrin tí ẹ̀rù ò bà rí, àfi ẹ̀rù kí ìjà má bẹ́ sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyàwó rẹ̀. Láàárọ̀ yìí ìyàwó wa pè mí lórí fóònù, ó ní òun fẹ́ rí mi. Mo ní iṣẹ́ ká mi mọ́.

"Kò burú, Ìdílẹ̀kẹ̀," ó ní. "Ẹ parí tiyín ná. Tèmi lè dúró."