Èmi Ni Mo Tẹ̀ Ẹ́, Kì Í Ṣe Leah

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mi ò ní gbé e wọ sàréè. Ẹni tó bá mọ èmi Sẹ̀kínát ní Eggua mọ̀ pé orin kì í tán lẹ́nu mi. Mò ń kọrin bí mo bá ń gbálẹ̀, mò ń kọrin bí mo bá ń bínú pàápàá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Túnbọ̀sún, ayálégbé mi tẹ́lẹ̀, ti wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mi ò kọrin mọ́. Orí irọ́ ni ọpẹ́ yẹn dúró lé. Ìwé díẹ̀ tí mo kà ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ni mo fi ń kọ eléyìí, ẹ fara dà á.

Ọdún tí ìjọba ti bọ́dà pa ni. Ìrẹsì àti òróró Kútọnú tí mò ń tà ò rí ọ̀nà wọlé, àwọn oníbàárà mi ò wá mọ́, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà náà ni Túnbọ̀sún àti Leah gba yàrá méjì lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń ya máàpù oko àti kànga àwọn abúlé wa sínú kọ̀ǹpútà. Túnbọ̀sún ni ọ̀gá, Leah ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ayé wá dùn! Leah á máa gbe orin mi, á fi oko bàbá mi hàn mí lójú ẹ̀rọ, ó kéré bí èékánná. Mo dá orin fún un:

Leah, ọmọ a-yalẹ̀-ya-kànga,
Ya ilé mi sí i, kó o má ṣìnà,
Bí bọ́dà bá tì, ilẹ̀kùn mi ò tì.

Ní àràárọ̀, ètò tí wọ́n fi ń ya máàpù á béèrè pé ṣé kí ẹ̀dà tuntun òun wọlé. Leah á tẹ “No”. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní èdè kan wà tí wọ́n ń pè ní Páítọ̀n, òun ni wọ́n fi kọ àwọn irinṣẹ́ tó ń mú iṣẹ́ wọn yá. Bí ẹ̀dà tuntun bá wọlé, á gbé Páítọ̀n tirẹ̀ dání, kò ní mọ ibi tí irinṣẹ́ wọn wà mọ́, iṣẹ́ á dúró. Ó yé mi yékéyéké. Ẹ má jẹ́ kí n pè é ní àìmọ̀.

Iṣẹ́ ń parí lọ, Leah ti ń ká aṣọ sínú báàgì, ẹ̀rù ilé òfo bà mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Túnbọ̀sún wá epo jẹnẹrétọ̀ lọ, torí wọn ò jẹ́ kí epo dé ìtòsí bọ́dà mọ́. Leah ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Ìbéèrè yẹn yọjú lórí ẹ̀rọ. Mo tẹ “Yes”. Orin ló wà lẹ́nu mi bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, èmi àgbàyà. Mo rò pé wọ́n á kàn pẹ́ sí i lọ́dọ̀ mi ni.

Nígbà tí Túnbọ̀sún dé, kò sí irinṣẹ́ tó jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ ń fi pupa kọ ọ́ pé òun ò rí èyí, òun ò rí tọ̀hún. Ó tún kó wọn wọlé, ẹ̀rọ ní wọ́n ti wọlé, máàpù ṣì ní òun ò rí wọn. Epo tá a fi ẹ̀bẹ̀ rà ń jó dànù. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún un ń pè, ó ń sọ pé ó di ọ̀la. Èmi ń gbé ẹ̀kọ fún wọn, mò ń kí wọn kú ìyọnu, inú mi sì ń dùn lábẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ rí irú ènìyàn tí mo jẹ́?

Bó ṣe dojú kọ Leah nìyẹn, pé yàtọ̀ sí èmi, ọmọ náà nìkan ló wà nílé. Leah ní òun ò fọwọ́ kàn án. Túnbọ̀sún wá yíjú sí mi. “Màmá, ẹ̀yin kì í parọ́. Ta lẹ rí nídìí ẹ̀rọ yìí?”

Ẹnu mi ì bá wí i níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n mo ní, “Leah ni mo rí.”

Ọmọ náà wò mí. “Màmá?” Túnbọ̀sún ní kó máa lọ, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kó tó lọ, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. “Ọ̀gá, Páítọ̀n méjì ló wà níbí báyìí. Inú ti àtijọ́ lẹ̀ ń kó irinṣẹ́ sí. Máàpù ti kó kúrò nílé yẹn, ẹ ṣì ń gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ síbẹ̀.” Ó ṣí ojú dúdú kan tó jẹ́ ti ètò máàpù gan-an, ibẹ̀ ló ti ń kó àwọn irinṣẹ́ wọlé, ó ń yọ èyí tó ti gbó, ó ń fi tuntun rọ́pò. Máàpù ṣí. Oko bàbá mi tún yọ. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sọ́nà Ayétòrò. Ohun tí kì í ṣe òun ló bà á jẹ́ ló tún ṣe, kó tó lọ. Túnbọ̀sún náà parí iṣẹ́, ó lọ. Ilé òfo tí mò ń sá fún náà ni mo bá.

Láìpẹ́ yìí ni Túnbọ̀sún wá kí mi. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin lẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á síṣẹ́, tó bi mí, ohun tí ẹ rí ni mò ń sọ fún un.” Mo ti rò pé ọjọ́ yẹn ni irọ́ mi parí, àṣé ó ṣì ń lé ọmọ ọlọ́mọ kiri.

Ilẹ̀ mọ́, mo pe Túnbọ̀sún lórí fóònù. “Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.” Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní òun á pe gbogbo àwọn tí òun ti ba Leah jẹ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n òun ò mọ ibi tí Leah wà mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí arúgbó ẹlẹ́rìn-ín bá jẹ́rìí mọ́ ẹnì kan, ẹ kọ́kọ́ bi í pé níbo lòun náà wà. Ewú kì í ṣe ẹ̀rí.

Leah, ilẹ̀kùn mi ò tì. Bí o bá wọlé, má gbe orin mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú ẹ.