Lẹ́tà Tí Tíṣà Ìṣirò Kà

Nínú takisí tó gbé wa láti Dùgbẹ̀ lọ sí Bódìjà lọ́sàn-án Sátidé kan, ọkùnrin kan tó jẹ́ tíṣà ìṣirò ń fi ẹjọ́ sun ìyá kan tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé kan náà.

“Mà, Jẹ́ríkò ni mo ti ń bọ̀ yìí. Wọ́n kọ lẹ́tà pé kí gbogbo tíṣà wá kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ láti kàwé kó sì yé e. Èmi, tíṣà ìṣirò! Mo débẹ̀, mi ò bá ẹnì kankan àfi mẹ́gádì.”

“Àwọn ọmọ tiyín ò nílò rẹ̀ ni?”

“Iṣẹ́ yín nìyẹn, mà. Ìṣirò ni tèmi. Mo kọ ọ́ sójú pátákó pé kí wọ́n wá iye ọsàn tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ìyá kan, iye tó tà ni gbogbo kíláàsì ń sọ fún mi.”

“Wọ́n ka ìbéèrè yẹn, kò yé wọn nìyẹn. Ẹ jẹ́ n rí lẹ́tà yín ná.”

Ó fà á yọ lápò. Ìyá náà wọ awò ojú, ó kà á jẹ́jẹ́.

“Tíṣà, Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n kọ síbí.”



“Mo kà á o, mà. Kò kàn yé mi ni.”

“Ohun táwọn ọmọ yín náà ń wí nìyẹn.”

Èmi tí mo jókòó tì wọ́n náà ti sọ “Mo kà á, kò kàn yé mi” rí ní kíláàsì nígbà tí mo wà nílé ìwé, ẹgba ni mo jẹ lórí ẹ̀. Ọkùnrin náà gba lẹ́tà padà, ó sì tún un kà látòkè, ó ń fìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.