Ibi tí Tísà máa lẹ ìwé rẹ̀ mọ́

Ní Gàmbàrí ni, nígbà tí a ò tíì rí kọ̀ǹpútà sójú rárá. Onígbàjámọ̀ ń fá orí mi lọ́wọ́, tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de orí tirẹ̀, ó sì mú tákàdá kan dání.

“Ojú ewé kan ni mo fẹ́ máa kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbogbo ohun tó bá ń dùn mí nínú ìlú yìí. Ibo ni kí n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́? Ògiri mọ́ṣáláṣí ni mò ń rò.”

Onígbàjámọ̀ ní, “Tísà, ẹni tó bá kírun tán, bàtà rẹ̀ ló ń wá.”

“Pátákó ìkéde tó wà l'Ádéwọlé ńkọ́?”

“Ilé tó ṣófo ni wọ́n ń wá níbẹ̀, wọn ò wá ìbínú yín.”

“Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì Òkè-Òyì?”

“Kí wọ́n tó ka ìlà kejì, ó ti lọ.”

“Ibo ló wá kù?”

“Ògiri mi yìí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ síwájú ẹni tí mò ń fá lórí. Wàláhì, kò níbi tó ń lọ, ẹni tí abẹ wà lọ́rùn rẹ̀ kì í sì í jiyàn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́ tísà lọ́rùn. Ó dìde, ó na tákàdá náà sí mi lójú. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé òpùrọ́ ni gbogbo télọ̀ ìlú yìí.

“Ọ̀gbẹ́ni, kà á. Ṣé irọ́ ni mo pa?”

Télọ̀ ni mí láti kékeré. Ṣùgbọ́n abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọrùn mi ni.

“Rárá, sà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.”