Ta Ni Yóò Máa Kí Ìwó?

Nígbà tí egungun mi ṣì le, tí mo lè fẹsẹ̀ rìn láti ibí dé Kuta kí n má sinmi… dúró ná, jẹ́ kí n rántí dáadáa. Rúkà, gbé fóònù tí o fi ń gba ohùn mi sílẹ̀ yẹn sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tó kù, ẹ dákẹ́. Ìwọ Rúkà, o ní tẹlifíṣàn tí ò ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ti Èkó, wọ́n sì fẹ́ yí orúkọ rẹ̀ padà? Ẹ gbọ́! Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí lójú mi.

Tẹlifíṣàn kan wà níbí nígbà náà, lọ́nà Ilé-Ogbó. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ràúfù ló ń ka ìròyìn. Kó tó ka ohunkóhun, á kọ́kọ́ kí wa: "Ẹ̀yin ará Ìwó, ẹ kú alẹ́. Ará Kuta, ẹ kú alẹ́. Ará Ilé-Ogbó, ẹ kú alẹ́ o." Ìyá mi, ìyá ńlá yín tí ẹ ò bá láyé, á ti wé gèlè sílẹ̀ dè é. Ṣé wọ́n ń gba àlejò láìborí ni? Wọ́n á dá a lóhùn, wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè ọmọ. Tí a bá ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Ràúfù, wá jẹun." Lójoojúmọ́ ni o!

Àwa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní, "Ìyá, ọkùnrin yìí ò rí yín o." Ìyá mi ní ta ló sọ pé ó rí òun? Ó ṣáà kí òun. Ta ni wọ́n ń kí tí kì í dáhùn? Wọ́n tún ní a kì í jẹun lójú èèyàn ká má pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun lónìí, tí ẹ dorí kodò sórí fóònù, ta lẹ̀ ń pè?

Ó di ọjọ́ kan, a tan tẹlifíṣàn… orin mìíràn, àwọ̀ mìíràn, orúkọ mìíràn gàdàgbà. Obìnrin kan tí a ò rí rí ń sọ̀rọ̀ láti Èkó. Ó ní, "Ẹ̀yin òǹwòran wa káàkiri ayé…" Ìyá mi wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Èmi ò gbé káàkiri ayé. Ìwó ni mò ń gbé. Ràúfù dà?"

Lọ́jọ́ kejì, kò sí Ràúfù. Bí ìyá mi ò ṣe jẹun alẹ́ mọ́ nìyẹn. Ìyá mi ní ilé tí wọ́n bá ṣàdédé yí orúkọ rẹ̀, baálé ibẹ̀ ti kú ni, wọ́n kàn ń fi í pamọ́ fún wa ni. Ẹ̀rù bà mí, torí ìyá mi ti ń rù. Ni mo bá mú wọn, ó di ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn. Wọ́n kó mọ́ínmọ́ín sínú abọ́ dání, wọ́n ní bó bá jẹ́ òkú la fẹ́ kí, a kì í lọ lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀dà tuntun wà lára ògiri, orúkọ tuntun wà lẹ́nu géètì. Àmọ́ Ràúfù fúnra rẹ̀ ló jáde wá, ó sì dọ̀bálẹ̀. Ó ní wọn ò lé òun. Ó ní Èkó ni ìròyìn ti ń wá báyìí, iṣẹ́ òun ni kí òun jókòó sínú yàrá, kí òun máa tẹ bọ́tìnnì tó ń so ibí mọ́ ọ̀hún. Ó wù mí kí n rí bọ́tìnnì náà. Di òní olónìí, n kò rí i. Ìyá mi ń fọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pè ọ́ wá jẹun, o ò dáhùn."

Wọ́n ṣí abọ́. Àfi bí ẹnì kan ṣe ké sí i láti inú ilé pé àkókò bọ́tìnnì ti tó. Ó ń sáré lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn. Ó ní òun á wá jẹ ẹ́ nílé. Ìyá mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, wọ́n sì ń retí rẹ̀. Kò wá. Bọ́tìnnì ò gbà fún un.

Ìgbà tí ìyá mi kú, a ń ṣe fídáù lọ́wọ́, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó dúró, ó ní, "Ẹ̀yin ará Ìwó, ẹ kú alẹ́." Ọ̀sán gangan ni o! Gbogbo ilé dáhùn. Ó ní, "Ìyá ní kí n wá jẹun." Mo bu oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, omijé ń bọ́ lójú èmi àti òun.

Rúkà, kí wọ́n yí orúkọ, kí wọ́n yí àwọ̀, kò burú, ayé ń yí. Ṣùgbọ́n bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá yín: ta ni yóò máa kí wa? Hmm… Ó dáa, pa fóònù yẹn. Wá jẹun.